Ọjọ́ Tí Wọ́n Ń Ti Géètì Pargeter

Ọjọ́ tí Hester Pargeter kọ́kọ́ rí Edmund Tolley, lílé ló lé e padà.

Kì í ṣe pé inú ń bí i. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ rán an ló ń jẹ́. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Fẹ́búárì ni, òjò wínníwínní ń rọ̀, òun náà sì jókòó sórí àpótí lẹ́yìn géètì onígi tó wà lókè Pápá Gígùn, fúláàsì tíì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣéènì àti àgádágodo lára géètì.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó yí abúlé Withercombe po. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gun òkè, á la igbó já, á bá etí odò bọ̀, á gba iwájú ilé àwọn Pargeter, á wá la Pápá Gígùn padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń rìn ín. Ṣùgbọ́n ti Ambrose Pargeter ni pápá yẹn, òfin sì wà pé bí aráyé bá rin ilẹ̀ onílẹ̀ fún ogún ọdún láìsí ẹni tó dá wọn dúró, ọ̀nà náà lè di tiwọn. Ìdí nìyẹn tí bàbá Ambrose fi máa ń ti géètì náà lọ́jọ́ kan lọ́dún, tí Ambrose náà sì ń tì í. Ọjọ́ kan péré. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n.

Àfi Edmund. Olùkọ́ ni, kò tíì pẹ́ tó dé láti ìlú ńlá, ẹgbẹ́ arìngbẹ̀fẹ́ ìlú kejì, àwọn tó ń fi ìrìn najú, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe aṣáájú wọn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́.

Ó yọ láti etí odò pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, ẹrẹ̀ ti mù wọ́n dé orúnkún.

"Ẹ káàsán o," ó ní. "Ẹ bá wa ṣí i."

"Ẹ káàsán. Ó wà ní títì."

"Mo rí i. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bá wa ṣí i nìyẹn."

"Òní nìkan ni a kì í ṣí i."

"Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá?"

"Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, òní náà lẹ wá mú."

Ohùn obìnrin kan ta láti ẹ̀yìn. Beryl ni, ìyá Edmund, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í gbé lẹ́nu rẹ̀. "Edmund! Kí lẹ dúró ṣe níwájú níbẹ̀? Mo ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ ilé ọtí látibí!"

"Màmá, wọ́n ní ká padà."

"Padà síbo?"

"Ibi tá a gbà wá."

"Orí òkè yẹn? Èmi? Ẹ wo ọmọ tí mo f'oṣù mẹ́sàn-án gbé, ìrìn ló fẹ́ fi pa mí!"

Ọkùnrin kan ní ká sáà fo géètì jàre, ṣebí ọmọdébìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọ. Edmund mi orí. "Ilẹ̀ onílẹ̀ ni," ó ní. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Hester, ó yí àwọn èèyàn rẹ̀ padà, gbogbo wọn sì tún kọrí sí òkè, Beryl ń ráhùn títí ohùn rẹ̀ fi wọ inú igbó lọ.

Hester ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, àánú rẹ̀ ń ṣe é. Ó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tólẹ̀ lórí àpótí, èébú ló sì máa ń gbà lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀ pápá. "Ẹ ń lẹ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣọ́ géètì!"

Edmund ni. Ó dúró lẹ́yìn ògiri kúkúrú tó pààlà pápá àti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé sókè. "Míìtì-páì ni! Ó ṣì gbóná!"

"Ẹ gbé e wá o!"

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba inú pápá lónìí! Ṣé mo lè wọlé?"

Ẹ̀rín gba ẹnu Hester. Ògiri tí ọmọdé lè fò ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà ọba. Ó dìde, ó la gbogbo pápá náà kọjá lọ bá a.

"Ẹ̀yin lẹ tún wá bá mi?" Edmund bi í.

"Ẹsẹ̀ yín ti rìn tó lónìí," ni Hester wí, ó sì gba páì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ tán lórí ògiri náà, ìdajì ìdajì. Kí wọ́n tó pín yà, inú Hester ti ń dùn lọ́nà tí kò lè ṣàlàyé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọn kì í rin ọ̀nà yíyípo náà. Géètì tóóró kan wà lẹ́bàá igbó tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣáájú kọjá á di géètì mú, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu kó tó lè kọjá. Lọ́jọ́ kan, owó ibodè yìí pẹ́ débi pé àwọn àgbàlagbà tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹ ṣe kíá o, òjò ń bọ̀!"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Beryl wí. "Mo ti ń wá ìyàwó fún ọmọ yìí tipẹ́. Bí òjò bá fẹ́, kó pa wá."

Ṣùgbọ́n bí inú Beryl ti ń dùn tó ni ojú Ambrose Pargeter ń le tó.

"Àwọn arìngbẹ̀fẹ́," ó wí fún ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ti ń da oúnjẹ fún àgùntàn. "Wọ́n á kọ́kọ́ rin ilẹ̀ ẹni, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ilẹ̀ ẹni. Èyí wá bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ."

"Bàbá, ẹni tí kò fo ògiri! Mo sọ fún yín, ó dúró, ó bèèrè."

"Ẹni tó fẹ́ mú adìẹ, ṣebí ọkà ló máa kọ́kọ́ fọ́n sílẹ̀."

Hester mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé ńlá náà. Ẹ̀rù ń ba bàbá rẹ̀ pé olùkọ́ yìí á gbé e lọ sí ìlú ńlá. Àmọ́ Pargeter kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ìbínú ló máa ń fi bò ó.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Hester mú ọkàn le. Ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n ń jẹ ẹran àgùntàn sísun àti ànàmọ́.

"Bàbá, èmi àti Edmund fẹ́ ṣègbéyàwó. A ti bá àlùfáà sọ̀rọ̀. Sátidé tó kẹ́yìn Fẹ́búárì, kí àwọn àgùntàn tó máa bímọ."

Ambrose rọra gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹ ti bá àlùfáà sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí wá ni déètì Sátidé ọ̀hún?"

Hester ya ẹnu láti dáhùn, ó wá rántí. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni. Òun tó ti jókòó lẹ́nu géètì yẹn láti kékeré! Ìfẹ́ ti gbá ọjọ́ náà kúrò lórí rẹ̀ pátápátá.

"Ó dáa," ni bàbá rẹ̀ wí. "Géètì á wà ní títì."

"Bàbá! Nítorí Ọlọ́run!"

"Òfin ò mọ ìyàwó." Ó dìde, ó fi ànàmọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwo. Lẹ́nu ọ̀nà, ó kùn sínú pé, "Sísọ lẹ wá sọ. Sísọ lásán," ó sì jáde. Hester kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó sunkún títí oúnjẹ fi tutù.

Edmund ní kí wọ́n sún un síwájú. Àlùfáà ní kò sí àyè mọ́ àfi lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Orí kunkun tí Hester sì jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní kò ṣeé ṣe. "Ṣebí títì mọ́tò wà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?" ó ní. "A ó gba títì."

Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, òjò bẹ̀rẹ̀ kò dá. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, odò ti gun orí títì, omi náà ga ju táyà mọ́tò lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Hester sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá, ilé dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ti jáde láìkí i. Ó wọ gáùn funfun ìyá rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ sínú bàtà òjò, ó káṣọ sókè dé orúnkún, ó sì ń dá rìn lọ nínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe géètì ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ń lọ sílé ọkọ láìsí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ó dé ibẹ̀. Ṣéènì wà níbẹ̀, àgádágodo wà níbẹ̀. Ambrose Pargeter jókòó sórí àpótí lódì kejì, fúláàsì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wù òjò lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi." Ó wo aṣọ náà títí. "Ó bá ọ mu ju bó ṣe bá ìyá ẹ mu lọ. Bó o bá dé ojú oórì rẹ̀, má sọ fún un pé mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣí i fún mi."

"Dúró ná."

Ìsàlẹ̀ pápá ló ń wò. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ nípa omi tó gun títì, gbogbo wọn sì ti jáde síbi ògiri kúkúrú náà: àlùfáà, àwọn ará abúlé, àwọn arìngbẹ̀fẹ́ nínú aṣọ iyì. Edmund ló wà níwájú. Ohùn Beryl dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí wàhálà. "Edmund, fo ògiri yẹn jàre! Ìyàwó ẹ nìyẹn lókè níbẹ̀!"

Edmund gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó wá yé Hester ohun tí bàbá rẹ̀ jókòó dè láti òwúrọ̀. Bí ọmọkùnrin yìí bá fò ó, ó tán nìyẹn.

Edmund gbé ọwọ́ kúrò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Bàbá Pargeter! Ẹ káàárọ̀ o! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wọlé?"

Ambrose yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Àìmọye èèyàn ló ti gba pápá yìí kọjá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n ti bú mi. Wọ́n ti fo géètì mi. Kò sẹ́ni tó tọrọ lọ́wọ́ mi rí."

"Mo sọ fún yín, Bàbá."

"O sọ. Sísọ yàtọ̀ sí rírí." Ó dìde, ó sì fi gbogbo agbára pariwo. "Wọlé!"

Edmund fo ògiri, ó sáré. Ó yọ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún sáré. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, aṣọ ọkọ ìyàwó ti di aṣọ olóko.

"Ẹ ṣé sà," ó ń mí gúlegúle. "Mo tún ní ohun kan láti tọrọ. Ó yẹ kí n ti wá tipẹ́. A kàn sọ fún yín ni, a ò bi yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní Hester."

"Ibo lo fẹ́ gbé e lọ?"

"Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, sà. Ẹ máa rí iná wa láti pálọ̀ yín."

Ambrose wo ibi tó nawọ́ sí. Èjìká rẹ̀ rọ̀.

"Èmi náà ńkọ́?" Hester ké láti ẹ̀yìn géètì. "Àbí àgùntàn lẹ̀ ń dúnàá-dúrà lé lórí níbẹ̀?"

"Ìwọ ló kàn báyìí." Bàbá rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó nà án sí i láàárín igi géètì. "Ìwọ ni wàá ṣí i. Bó bá wù ọ́, ṣí i. Bí kò bá wù ọ́, tíì ṣì wà nínú fúláàsì."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ṣéènì fi jábọ́.

Ìgbà náà ni Ambrose bọ́ ẹ̀wù òjò. Kóòtù tó fi gbé ìyá Hester níyàwó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òdòdó funfun kékeré sì wà láyà rẹ̀. Láti ilé ló ti múra. Hester so mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí àyà kan lè gbà.

Wọ́n ti rìn dé àárín pápá nígbà tí Ambrose dúró gbọnyin.

"Hester! O ò tì í padà! Ilẹ̀ ò tíì ṣú!"

Ìyàwó káṣọ, ó sáré padà lọ ti géètì, gbogbo ìjọ sì hó yèè. Bàbá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé Edmund lọ́wọ́. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa jókòó níbí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí ọdún yí po, Edmund ló wà lórí àpótí nínú òjò, Ambrose sì nasẹ̀ síwájú iná nílé, ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Àwọn arìngbẹ̀fẹ́ yọ láti etí odò. Beryl ni aṣáájú wọn báyìí.

"Edmund, ṣí géètì."

"Ó wà ní títì, Màmá."

"Èmi ìyá ẹ?"

"Ẹ tọrọ àyè, màá ṣí i."

"Kí n tọrọ lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí? Ó dìgbà!" Ó yí àwọn èèyàn rẹ̀ padà, ó kọjú sí òkè, ó ń ṣépè fún ilé ìwé tó kọ́ Edmund ní òfin.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀ pápá. Hester ni, ó dúró lẹ́yìn ògiri, oyún rẹ̀ ti yọ síwájú, ó gbé páì gbígbóná sókè.

"Ṣé mo lè wọlé?"

"Ilẹ̀ bàbá ẹ ni!"

"Mo mọ̀! Mo ní ṣé mo lè wọlé?"

Edmund ti dìde kúrò lórí àpótí, ó ti ń la pápá bọ̀.

"Dúró síbẹ̀, olólùfẹ́ mi," ó ní. "Ìwọ àtẹni tó wà nínú ẹ. Ẹsẹ̀ yín ti rìn tó lónìí."