Ọwọ́ Tútù Lára Irin

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, aránṣọ ń rán apá sí búláòsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Apá òsì nìkan ló kù. Aládùúgbò ẹ̀gbọ́n náà já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n yín fi ọwọ́ tútù kan ara rẹ̀. Iná gbé e."

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jù sí ààtàn. Aránṣọ kọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ ìyá rẹ̀. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní igun òpópónà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onírédíò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń lo iná tí kì í tún ṣe.

"Ẹ kú ìrọ́jú," ni ọkùnrin náà kí i. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó wò ó, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ jọ.

"Kí lẹ rí?"

"Ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Kí lẹ rí?"

Ó fi orí sukurudíráfà tọ́ka. "Asẹ́ nìyí, ó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú iná. Kapásítọ̀ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná dúró díẹ̀, ò rí bákan náà. Èyí tó wà láàárín wáyà méjèèjì, tó ní àmì X, bó bá bàjẹ́, fíùsì ló sábà máa ń já. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín iná àti ara irin, ẹ̀mí ènìyàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ ní àmì Y. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ńṣe ló ń já, iná ò ní rí ọ̀nà kọjá. Kapásítọ̀ lásán lẹnì kan fi síbí. Nígbà tó bàjẹ́, ó di afárá. Ilé ẹ̀gbọ́n yín ò sì ní wáyà ilẹ̀ tí ì bá gbé iná náà lọ."

"Ta ni ẹnì kan?"

Ì bá rọrùn fún un láti ní òun ò mọ̀. Ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Mo mọ bí ẹni yìí ṣe ń fi iná jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà. Ó máa ń ká bí ìkarahun ìgbín. Bàbá mi ni."

Aránṣọ jáde. Ní ọjọ́ kẹta, ó padà wá.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún mi?"

"Bí mo bá fi pa mọ́, ojú wo ni mo fẹ́ máa fi wò yín?"

"Àbí ẹ fẹ́ máa wò mí ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ. Ó tijú rẹ̀, àfi bí ẹni tó jalè.

Wọ́n jọ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wá gbogbo ẹ̀rọ tí bàbá náà ti tún ṣe. Ọkùnrin ń tú, obìnrin ń tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Mẹ́rin ni wọ́n bá tó ní kapásítọ̀ lásán nínú. Ó kọ́ obìnrin náà bí a ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì, ìfẹ́ sì wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí inú aránṣọ bá ti dùn tán, á tún bàjẹ́: bí òun bá fẹ́ ọkùnrin yìí, ṣé òun ò ta ẹ̀gbọ́n òun?

Màmá rẹ̀ gbọ́. "Ẹni tó pa ọmọ mi ni n ó máa pè ní àna?"

"Ọkùnrin ò mà tíì wọ́n tó yẹn," ni àǹtí rẹ̀ fi lé e.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bàbá Onírédíò fi ọ̀pá tilẹ̀ dé. Ó bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ síwájú màmá.

"Irú tó yẹ ló tán lọ́wọ́ mi," ó ní. "Mo rí i pé wọ́n kọ fóltì ẹgbẹ̀ta ó lé ọgbọ̀n sára èyí tí mo ní, iná ilé ò sì ju igba ó lé ọgbọ̀n lọ. Mo ní ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Nọ́ńbà ni mo kà, n kò wo àmì. Mi ò wá tọrọ ọmọ yín fún ọmọ mi. Mo wá sọ pé èmi ni."

Màmá fi gèlè nu ojú.

"Ẹ dìde, bàbá. Ilẹ̀ tutù." Ó yíjú sí Onírédíò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, o lè purọ́ fún wa, ta ni ì bá mọ̀? O ò purọ́. Wọlé, ọmọ mi."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣègbéyàwó wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n wá sí yàrá wọn, níbi tí ọkọ ti fa wáyà ilẹ̀ sí.

"Jẹ́ n bá ọ ṣe é, olólùfẹ́ mi."

"Rárá. Èmi ni n ó ṣe é."

Aránṣọ yọ kapásítọ̀ lásán náà kúrò, ó yẹ àmì Y ara tuntun wò lẹ́ẹ̀mejì, ó jó o mọ́ ipò rẹ̀. Ọkọ fi mítà wọ̀n ọ́n, ó ní ó ti dára. Aránṣọ wá yọ búláòsì náà nínú àpótí, ó rán apá òsì tó kù, ó sì fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ó gbé ọwọ́ tútù rẹ̀ lé ara irin, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa búláòsì yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó lọ sá a sóòrùn.