Orin Tí Wọ́n Fi Ń Ṣí Adé Ìyàwó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka èyí, ẹ rọra o. Ohun tí ìyá yín bá fi sílẹ̀ fún yín, ẹ má tètè gbé e lé olólùfẹ́ lọ́wọ́ kí ilé rẹ̀ tó gbà yín. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o.

Ní ilé ìtura kan ní Lẹ́kkí ni Ọlákẹ́mi ti kọ́kọ́ pàdé Láńre. Láńre ń fọn sasofóònù, jáàsì ló ń fọn, ó dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Gòjé òyìnbó ni Ọlákẹ́mi gbé wá. Nígbà tó ta orin ijó abúlé kan tí olóògbé ìyá rẹ̀, ọmọ Pólàńdì, fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré, Láńre lajú.

"Àǹtí, irú ijó wo rèé? Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ní, ó tún ń tiro!"

"Ijó ilé ìyá mi ni. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè bá a tiro."

"Èmi kẹ̀? Màá gbé e sáré ni."

Ó fọn jáàsì wọ inú orin náà, ó lọ́ ọ, ó fà á, ó tún dá a padà fún un. Àwọn tó ń jẹun gbàgbé ṣíbí. Ọjọ́ náà gan-an ni ìfẹ́ wọ Ọlákẹ́mi lára.

Ó kọ́ Láńre ní gbogbo orin ìyá rẹ̀ ní pálọ̀ bàbá rẹ̀, ní Thomas Estate. Ó wá ku ọ̀kan. Ní ìlú ìyá rẹ̀, bí ìgbéyàwó bá ń parí lọ, àwọn obìnrin á fi ìyàwó jókòó sórí àga, wọn á ṣí adé òdòdó lórí rẹ̀, wọn á fi fìlà abilékọ dé e. Orin yẹn ni wọ́n á máa ta. Bí wọ́n bá ti ta á fún un, ó ti di ti ọkọ nìyẹn.

"Láńre, ẹ̀mí mi ni mò ń fún ẹ yìí o."

"Ayànfẹ́ mi, ìwọ nìkan ni màá fọn ọ́n fún."

Ìyá Láńre gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó fárígá. "Ọmọ tí ìyá ẹ̀ jẹ́ òyìnbó, tó tún ti kú! Ilé ìyá ta la máa lọ béèrè ìwà ẹ̀? Tolúwani, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, lo máa fẹ́."

Láńre sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó gbà.

Ó tún padà wá bá Ọlákẹ́mi. "Kẹ́mi, jọ̀ọ́. Tolúwani gbọ́ orin adé yẹn lórí fóònù mi, òun ló wù ú fún ìgbéyàwó wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta àfi ìwọ."

Ọlákẹ́mi lọ. Ó dá a lójú pé tí orin náà bá bẹ̀rẹ̀, èémí á tán nínú Láńre, kò ní lè fọn ọ́n fún ẹlòmíì.

Ní gbọ̀ngàn kan ní Ajah, wọ́n fi Tolúwani jókòó sórí àga. Ọlákẹ́mi bẹ̀rẹ̀ orin. Ó ń wo ẹnu Láńre.

Láńre gbé fèrè sẹ́nu. Ó dijú, ó fọn. Kò fọn ọ́n dáadáa tó báyìí rí.

Ìyá Láńre ló ṣí adé òdòdó náà. Ó rẹ́rìn-ín sí Ọlákẹ́mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí onígòjé. Oúnjẹ yín wà lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn tó kó àga wá."

Nígbà tí Ọlákẹ́mi délé, bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń kun orin kan lọ́fun, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Orin adé ni. Wọ́n ta á fún ìyàwó òun náà lọ́jọ́ kan, ní Pólàńdì.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

"Kí ló dé, ọmọ mi? Orin wo lẹ ta níbẹ̀?"

Ọlákẹ́mi ti gòjé náà sábẹ́ àga.

"Ẹ má bi mí, Dádì. Mi ò ní sọ."