Ojú Tí Àwòrán Kò Mọ̀

"Bayarabiya! Bayarabiya mai tsaga!"

Igbe yẹn ló kọ́kọ́ pàdé Ayọ̀mipọ̀ ní oríta Sabonjida láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí òórùn àkàrà tó dé imú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń pè é. Hàjíà Azara ni, ìyá àgbà tó ń ta kòkó àti kóose lẹ́bàá ọ̀nà. Kòkó yẹn, ògì ni. Kóose, àkàrà ni. Bí èèyàn bá dé ìlú onílùú, oúnjẹ ilé rẹ̀ pàápàá a máa yí orúkọ padà mọ́ ọn lójú. Ayọ̀mipọ̀ ti bi Glory, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ní ìtumọ̀ igbe náà. Èdè Haúsá ni: "Obìnrin Yorùbá! Obìnrin Yorùbá onílà!"

Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó fa ìbòmú rẹ̀ sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú, ó sáré kọjá. Àwọn tó ń mu kòkó lórí bẹ́ǹṣì yíjú wò ó. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ dẹsẹ̀ dúró kó lè wò ó tẹ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn tó ti ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Tamale, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn kò wò ó. Ó ga gbọọrọ, ó dúdú bíi kóró iṣin, gọ̀m̀bọ́ sì tò gééré sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ẹ̀gbẹ́ orí wá sí ẹ̀bá ẹnu. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó kọlà láyé òde òní! Olólà ni bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí ayé pa iṣẹ́ náà tì, tí kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ wá mọ́, bàbá yẹn mú abẹ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun kò ní bá òun wọlẹ̀. Ojú Ayọ̀mipọ̀ ni abẹ náà ti parí iṣẹ́.

Bàbá àgbà náà ti kú, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún yẹ̀yẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwé Onílà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí ìwé àwọn bá kún, ojú rẹ̀ ni àwọn yóò máa kọ iṣẹ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Màmá Glory, tó ń ránṣọ ní Zogbeli, ní kó wá ṣe ìdánwò àbáwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Tamale, inú rẹ̀ dùn. Kò sẹ́ni tó mọ òun níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí ti ọdún yìí bá yẹ̀, kó padà wálé wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí gàrí. Ìdánwò yìí ni gbogbo ìrètí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú tó rò pé wọn kò ní wo òun, àfi bíi pé òun nìkan ni wọ́n ń wò.

Ọjọ́ Ajé kan náà, òun àti Glory lọ ya àwòrán tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù ìdánwò. Tamale ni wọ́n bí Glory sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà mẹ́ta kó tó délé.

"Charley, ọ̀rẹ́ mi, má yọ ara ẹ lẹ́nu," Glory ní. "Abdul-Razak á fọ ojú ẹ fún ẹ nínú kọ̀ǹpútà. Á dán paa!"

"Á fọ̀ ọ́ báwo?"

"Á pa àwọn ilà yẹn rẹ́ ni! Ó pa rorẹ́ mi rẹ́ lọ́jọ́sí, màámi fúnra wọn bi mí pé ọmọ ta nìyí."

Abdul-Razak, ayàwòrán tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́yìn ọjà, wo Ayọ̀mipọ̀, ó wo kọ̀ǹpútà. "Fọ́ọ̀mù ìdánwò ni o. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Ọkàn kan ní kó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n Glory ti fi ìgùnpá gbún un, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó dá mi lójú," ni Ayọ̀mipọ̀ wí.

Ó dúró lẹ́yìn àga, ó ń wò bí àwọn ilà náà ṣe ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí òjò ń pa ipasẹ̀ rẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Nígbà tí ó tán, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ń dán bíi àwo ń wò ó. Ayọ̀mipọ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn kí ẹnì kan tí onítọ̀hún kò dáhùn. Kò fi han Màmá Glory. Ó lẹ àwòrán mọ́ fọ́ọ̀mù, ó dá a padà, ó sì ti ọjọ́ yẹn yí ọ̀nà rẹ̀ padà: ó ń gba Nyohini yípo kí ó má baà kọjá níwájú Hàjíà Azara.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ ìdánwò pé. Agogo mẹ́jọ kò tíì lù tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ìbòmú rẹ̀. Obìnrin tó ń darí ìdánwò, Màdáàmù Habiba, jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ojú ẹni wé àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Yọ ohun tó wà lójú rẹ," ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ayọ̀mipọ̀ yọ ọ́. Màdáàmù wo àwòrán, ó wo ojú. Ó tún wo àwòrán.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"Kì í ṣe ìwọ. Ẹni yìí kò nílà. Ìwọ nílà. Ilà kì í hù lọ́sẹ̀ méjì."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ayọ̀mipọ̀ sún mọ́ tábìlì. "Mà, wọ́n fọ̀ ọ́ nínú kọ̀ǹpútà ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́."

"Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan wá jókòó ṣe ìdánwò níbí dípò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n bi léèrè. Ìwé ìrìnnà rẹ dà?"

Ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè tí wọ́n ń bá a ṣe ìwé ìgbélùú. Wọn kò tíì dá a padà. Màdáàmù mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n òfin ni òfin.

"Agogo mẹ́sàn-án ni ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀. Mẹ́sàn-án ààbọ̀, màá ti ìlẹ̀kùn. Mú àwòrán tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn wá, kí o sì mú àgbàlagbà kan ní ìlú yìí wá, tí kì í ṣe ẹbí rẹ, tó lè jẹ́rìí pé òun mọ̀ ọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ayọ̀mipọ̀ jáde sí títì. Àgbàlagbà wo? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló fi sá fún gbogbo ojú ní Tamale. Ta ni yóò wá jẹ́rìí sí ojú tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí? Omijé ń bọ́ tó-tó-tó.

"Ah, Bayarabiya! Kí ló dé?"

Issahaku ni, ọkùnrin tó ń wa yẹ́lò-yẹ́lò, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kérò ní Tamale. Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ló dà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ mọ̀ mí?"

"Ta ni kò mọ̀ ẹ́ ní Sabonjida? Hàjíà Azara bú mi lọ́jọ́sí pé mo rí ọmọ òun lójú òòrùn, mi ò gbé e. Mo ní ọmọ yín ló sá fún mi!"

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Hàjíà. Bó ṣe ń pè ẹ́ nìyẹn. Ibo lò ń lọ?"

Ayọ̀mipọ̀ kò dúró rò ó. Ó bẹ́ sínú kẹ̀kẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Abdul-Razak. Orí bá a ṣe é, àwòrán àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. "Mo mọ̀ pé yóò dọ̀ràn," ó wí, ó sì bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ láì ti ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé oríta Sabonjida, agogo mẹ́sàn-án ti kọjá.

"Bayarabiya mai tsa..."

Ohùn náà gé. Hàjíà Azara rí omijé, ó rí ojú tí kò sí ìbòmú níbẹ̀. Ayọ̀mipọ̀ wólẹ̀ lórí eékún nínú eruku. Ó gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, ó gbàgbé pé ìlú onílùú ni òun wà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!"

"Kí ló pa ọ́ lẹ́kún láàárọ̀, ọmọ mi? Dìde nílẹ̀."

Yorùbá ni. Kì í ṣe Yorùbá Glory tó ń gba ọ̀nà mẹ́ta. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nbélé, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ń sọ.

"Ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Ṣé mo sọ pé mi ò gbọ́ ni? Ìwọ lo ò dúró kí á kí ara wa rí!"

Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, Hàjíà dìde pẹ̀lú ṣíbí àkàrà lọ́wọ́. Ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀: "Ẹ máa bá mi yí kóose yẹn. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìsanwó, Ọlọ́run ń wò ó!"

Inú kẹ̀kẹ́ ni Hàjíà ti tú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sílẹ̀. "Sherifatu lorúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ìgànná kan ló là wá láàárín, ilé wọn ni mo ti gbọ́ Yorùbá. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò máa lọ sí ìlú wọn, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọ́n kó wọn sínú lọ́rì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sáré tẹ̀ lé e títí eruku fi bo ojú mi. Gọ̀m̀bọ́ bíi tìẹ yìí gan-an ló wà lójú Sherifatu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ, mo da kòkó gbígbóná sí ẹsẹ̀ ara mi. Mo wá ń pariwo pè ẹ́ láràárọ̀, ò ń sá."

"Mo rò pé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Ìyá."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀? Ìwọ wo ojú tèmi." Ó fa ìbòrí rẹ̀ sẹ́yìn. Ilà wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti rọ̀ sínú ìhunjọ àgbà.

Àgbà ti sọ ọ́, pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ayọ̀mipọ̀ kò gbójú sókè wo ẹnì kankan. Báwo ni ìbá ṣe rí ilà lójú wọn? Ó yọjú wo títì báyìí. Ìyá tó ń ta iṣu, ó nílà. Bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó nílà. Wọn kì í wò ó bí ohun àjèjì. Ṣe ni wọ́n ń gbìyànjú láti ka ilé tó ti wá.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni wọ́n dé. Hàjíà kọ́kọ́ wọlé, ṣíbí ṣíwájú rẹ̀.

"Èmi Azara, oníkóose Sabonjida, mo mọ ọmọ yìí. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ránni lọ béèrè!"

Abdul-Razak na fóònù síwájú. Màdáàmù Habiba wo àwòrán àkọ́kọ́, ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá àgbà. Hàjíà tẹjú mọ́ ọn, ó wá rọra sọ ní Haúsá pé Màdáàmù pàápàá nílà. Màdáàmù gbé ọwọ́ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú òsì, lábẹ́ páúdà, ilà kékeré kan wà níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò múra sílẹ̀ fún.

"Mo ti fún ẹ níwọ̀n àkókò tó tọ́," ó sọ fún Ayọ̀mipọ̀, "mi ò ní fi kún un. Àwọn yòókù ti ṣe fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọlé. Ṣùgbọ́n má tún gbé ojú ẹlòmíràn wá fún mi mọ́."

Ayọ̀mipọ̀ ju ìbòmú rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, ó wọlé, ojú rẹ̀ gbangba. Kò ráyè dáhùn ìbéèrè méjì tó gbẹ̀yìn. Ohun tí irọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó dáhùn, ó fi gbogbo ara dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, ọgọ́ta ni wọ́n mú. Orúkọ rẹ̀ ni ìkẹtàdínlógún.

Lọ́jọ́ náà, kò gba Nyohini. Àárín Sabonjida ló gbà, orí sókè.

"Bayarabiya! Bayarabiya mai tsaga!"

"Na'am!" ló fi dáhùn kíkan, bí wọ́n ṣe ń jẹ́pè ní Haúsá, ó sì kúnlẹ̀. "Ìyá, mo wọlé! Mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì!"

Hàjíà sọ ṣíbí sókè. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Issahaku fọn fèrè kẹ̀kẹ́ títí àwọn ewúrẹ́ fi sá. Lọ́sàn-án, Abdul-Razak ya àwòrán rẹ̀ fún káàdì ilé-ẹ̀kọ́.

"Ṣé kí n fọ̀ ọ́ díẹ̀?" ó fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Dán an wò. Hàjíà á fi ṣíbí gbá ẹ!"

Glory rẹ́rìn-ín títí, ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àbúrò, èmi ni mo tì ẹ́ síbẹ̀. Jọ̀ọ́."

"Ìwọ tì mí, Glory, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn."

Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán, a doge. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, kò dìgbà tí wọ́n bá fi abẹ kàn yín lójú. Olúkúlùkù ló ní nǹkan kan lára tí ayé fi ń wò ó. Kì í ṣe gbogbo ojú tó ń wò yín ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tì yín débi pé ẹ ó pa ara yín rẹ́ nítorí kí ẹ lè dán, torí ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín pé ta ni yín, ohun tí ẹ pa rẹ́ yẹn gan-an lè jẹ́ ẹlẹ́rìí yín.