Onílé Wà ní Àbíjàn

Ọkùnrin méjì gbé àkàsọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Wàlíyátù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan di ìwé ìṣirò rẹ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ kejì fa ilẹ̀kùn mọ́ra kí wọ́n má baà rí inú ilé.

Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ló rán àwọn ọkùnrin náà wá. Mítà tuntun wà nínú páálí lẹ́sẹ̀ wọn, irú èyí tí èèyàn ń ra iná sí kó tó lò ó. Wọ́n ní gbogbo ilé tó wà ní òpópónà náà ni àwọn ń fi í sí. Èyí tó dàgbà nínú wọn béèrè ẹni tó ni ilé.

"Onílé wà ní Àbíjàn," ni Wàlíyátù dáhùn.

Kí ẹ tó bínú sí ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí ní Ẹ̀jìgbò. Nínú ilé mẹ́wàá tó wà ní òpópónà yẹn, mẹ́fà ló jẹ́ ti àwọn tó wà ní Àbíjàn lóòótọ́, tí wọn kì í wálé àyàfi ìparí ọdún tàbí Iléyá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ìwé dání wá, ìbáà ṣe wolé-wolé, ìbáà ṣe ẹni tó ń ka ilé, ìdáhùn kan náà ló ń gbà. Kódà àwọn tí ibi tó jìnnà jù tí wọ́n dé kò ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ máa ń sọ ọ́ láìdijú. Ta ni yóò wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn lọ wádìí?

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà Wàlíyátù ló ni ilé tirẹ̀. Ràshídátù lorúkọ rẹ̀, Màmá Àbíjàn ni àdúgbò ń pè é, ó sì ti darí wálé láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Bí Wàlíyátù ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń kírun Alásárì lọ́wọ́ ní yàrá ẹ̀yìn.

Rùkàyyàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì àṣekágbá, ló ti kó ọ̀rọ̀ sí i létí. Ó ní mítà yẹn máa ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ń pa, àti pé tí iná bá tán nínú rẹ̀, òkùnkùn dé nìyẹn. Ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì sì ku oṣù kan. Rùkàyyàt tún ní kò sẹ́ni tó lè fipá gbé mítà lé oníbàárà lọ́wọ́, pé bí gbogbo òpópónà bá kọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e padà síbi tí wọ́n ti gbé e wá. Ó kìlọ̀ fún Wàlíyátù pé kó má jẹ́ kó jẹ́ ilé tiwọn ni yóò ba ìpinnu jẹ́. Wàlíyátù kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní ojo.

Ọkùnrin àgbà náà kò jiyàn. Ó kọ ìwé kan, ó ní kó fi ránṣẹ́ sí onílé: bí wọn kò bá gba mítà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn yóò já iná wọn. Wàlíyátù dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ti ìwé náà bọ àárín ìwé ìṣirò. Nígbà tí ìyá àgbà kírun tán tó béèrè ẹni tó kanlẹ̀kùn, ó ní àwọn kan tó ṣìnà ni.

Ní ọjọ́ kọkànlá, bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ó rí wáyà ilé wọn tí wọ́n ti já, tí wọ́n ká sí ìdí òpó. Ti ilé Rùkàyyàt náà wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò ó pé òun á ra àtùpà, òun á máa fi kàwé. Àfi ìgbà tó wọlé tó bá ìyá àgbà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, tó ń wò ó bóyá ó ṣì tutù.

Ìgbà yẹn ni Wàlíyátù rántí. Inú fíríìjì yẹn ni ìgò abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà, abẹ́rẹ́ tí ìyá àgbà ń gún láràárọ̀ nítorí àtọ̀gbẹ. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbóná, oṣù kẹta ọdún sì nìyí, tí ooru ń mú èèyàn láàárọ̀ lálẹ́. Òun Wàlíyátù gan-an ló máa ń gbé abẹ́rẹ́ náà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń parọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, iná tí yóò fi kàwé nìkan ló rò.

Màmá Àbíjàn ń ráhùn pé ìwà ìkà ni àwọn oníná hù, pé wọn kò tilẹ̀ wá sọ fún òun kí wọ́n tó já a. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, kí ẹ̀bi sì wà lọ́rùn àwọn oníná títí láé. Wàlíyátù ṣí ìwé ìṣirò, ó yọ ìwé náà jáde, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá àgbà kò pariwo.

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi dín ẹja nínú èéfín ní Àbíjàn kí n lè di onílé ní Ẹ̀jìgbò," ló wí. "Mo wà nínú ilé mi, mò ń kírun, ìwọ wá sọ fún àlejò pé n kò sí."

Ìyẹn dun Wàlíyátù ju ìgbátí lọ. Ó sunkún títí ìbòrí rẹ̀ fi tutù. Ìyá àgbà jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló ní kó nu ojú, kó sáré lọ pe Ìbíyẹmí.

Nọ́ọ̀sì ni Ìbíyẹmí, ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Másífà ló ti ń ṣiṣẹ́, ògiri ló sì pín ilé rẹ̀ àti tiwọn. Ó wo àwọn ìgò náà, ó ní wọn kò tíì bàjẹ́. Ó kó wọn sínú fùláàsìkì pẹ̀lú yìnyín, ó gun ọ̀kadà, ó lọ fi wọ́n sí fíríìjì ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí iná kò fi sí, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé èyí tí wọ́n máa lò wá, kò sì jẹ́ kí wọ́n dúpẹ́ tán kó tó wọlé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Wàlíyátù àti ìyá àgbà lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnrìndé, ọ̀gá ibẹ̀, ní kí wọ́n jókòó. Wàlíyátù ti bẹ̀bẹ̀ pé òun fúnra òun ni yóò sọ ohun tóun ṣe, ó sì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Màmá Àbíjàn béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo òpópónà.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ lè fipá gbé mítà sílé èèyàn?"

"Rárá, Màmá. Ilé yín ni, a ò lè já wọ̀ ọ́. Àmọ́ òfin tí wọ́n fún wa ni pé ẹni tó bá kọ mítà, ká má ta iná fún un mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n fi yé yín bó ṣe ń kà, kí ẹ sì fẹjọ́ sùn bí kò bá kà dáadáa."

Màmá Àbíjàn rẹ́rìn-ín. Ó ní mítà, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtà, wà lára ògiri òun ní Àbíjàn, pé òun máa ń kà á kí òun tó sùn. Ohun tó ń dun òun ní Ẹ̀jìgbò ni pé wọ́n kàn ń méfò iye iná tí òun lò. Bí wọ́n bá pe òun lọ́jọ́ yẹn, òun ì bá gbé àga fún wọn. Wàlíyátù wolẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà ti ń wá láti ọjọ́ yìí ni òun lé padà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin àgbà alákàsọ̀ yẹn padà wá fi mítà náà sí i. Wàlíyátù gbé omi fún un, ó tọrọ àforíjì, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka mítà. Nígbà tí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìyá àgbà ní Alhamdulilahi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú Wàlíyátù kún fún ọpẹ́ débi pé kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run tó pa ìyá àgbà mọ́ ni, àbí Ìbíyẹmí, àbí ìyá àgbà tí kò fi ọ̀rọ̀ náà dójú tì í lójú ayé.

Ó kàwé fún ìdánwò rẹ̀ lábẹ́ iná mítà yẹn. Ó kọ́ láti máa pa fáànù tí kò sẹ́ni tó ń lò, iná náà sì tó wọn. Ó lọ ṣàlàyé fún Rùkàyyàt, Rùkàyyàt pe bùọ̀dá bàbá rẹ̀ tó ni ilé wọn, tó wà ní Àbíjàn, lórí fóònù, òun náà sì ní kí wọ́n gba mítà. Wàlíyátù sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìbéèrè wọn kò burú, ẹni tó mọ ìdáhùn ni kò yẹ kí wọ́n fi í pamọ́ fún. Ìyá àgbà béèrè, ó rí ìdáhùn gbà lójúkojú. Òun parọ́, ìlera ẹni tí òun fẹ́ràn jù lọ ni òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣòfò.

Lẹ́yìn ìdánwò, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wolé-wolé gbé ìwé dání wọ òpópónà. Wàlíyátù gbọ́ tí àwọn ọmọdé ní ilé òdìkejì ti ń dá a lóhùn pé onílé wà ní Àbíjàn. Nígbà tó kan ilé tiwọn, ó béèrè ẹni tó ni ilé. Wàlíyátù ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Ìyá àgbà mi ni, sà," ló wí. "Onílé wà nílé. Ẹ máa wọlé."