Ohùn Inú Wáyà Rìpítà

Ariwo kan wà nínú rédíò wa tó mọ orúkọ ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́, kẹ́ ẹ tó sọ pé orí mi ti dàrú.

Àwa díẹ̀ la jọ ń fi rédíò bára wa sọ̀rọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́, torí pé a fẹ́ràn ẹ̀ ṣá. Orí òrùlé mi n'Ígándò la gbé rìpítà sí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ẹni tó jìnnà, tó ń tún un sọ lójú ẹsẹ̀ kó lè dé ibi tó kù. Èmi Jàfárù ni wọ́n ní kí n lọ ra wáyà tó máa gun òpó lọ bá éríà, irin tó ń gba ohùn lókè.

N'Íkọ̀tún, Ìyá Fàtíà tó ń ta wáyà gbé méjì síwájú mi. Ọ̀kan nípọn, ó le bí igi, awọ bàbà kan ṣoṣo ló bò ó nínú. Èkejì rọ̀, bébà dídán ló wé e, okùn irin sì tún wé bébà náà.

"Àlàájì, tó bá jẹ́ ti rìpítà, ẹ mú èyí tó le. Bébà àti irin yẹn máa ń gbo ara wọn, wọ́n á máa pariwo."

Mo ní ṣebí irú ẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ nílé láti ọjọ́ yìí. Olórí kunkun ni mí jàre. Mo gbàgbé pé rédíò ilé mi kì í gbọ́ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Rìpítà ń ṣe méjèèjì pọ̀ nínú wáyà kan náà. Èyí tó rọ̀ ni mo rà.

Lọ́jọ́ kejì, ariwo bẹ̀rẹ̀, bí epo gbígbóná tí omi ta sí. Sùrájù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa láti Àgbàdo, ohùn ẹ̀ ò lè wọlé mọ́ lórí rédíò. Mo jókòó ti ẹ̀rọ lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ń tẹ́tí. Inú ariwo yẹn ni ohùn kan ti ní, "Bàbá Hamdalah."

Nùsírátù ìyàwó mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tá a sin ín. Orí mi wú, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń lọ jókòó tì í. Sùrájù ń pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pààrọ̀ wáyà yẹn. Àwa tá a wà lápá ibí ti di odi." Mo ní màá ṣe é lọ́la. Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ pa ohùn ìyàwó ẹ̀?

Lọ́jọ́ kẹwàá, ohùn náà rọra ní, "Bàbá Hamdalah, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn ń pè yín." Bó ṣe máa ń bá mi wí nìyẹn tí mo bá ń ṣagídí, mo sì máa ń gbọ́.

Mo padà s'Íkọ̀tún. Ìyá Fàtíà wo ojú mi, ó gbé èyí tó le fún mi. Mo fa wáyà tó le gun òpó, mo tan ẹ̀rọ, ariwo dákẹ́ pátápátá. Omi bọ́ lójú mi.

Ohùn Sùrájù wọlé, ó mọ́ kedere. "Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́. Ẹ bá wa kí ìyàwó yín."

"Ìyàwó wo?"

"Obìnrin tó ń dá wa lóhùn látọjọ́ yìí tẹ́yin ò gbọ́ wa. Ó ní ká ní sùúrù fún yín. Ó ní ká sọ fún yín pé òun ń dúró dè yín, pé kẹ́ ẹ má kánjú."

Mo jókòó pẹ́ lórí òrùlé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.