Ẹja Halina àti Ọkàn Bàbá Àgbà

Halina tẹjú mọ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Yàrá ìwádìí náà ṣókùnkùn díẹ̀, omi ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú àwọn àpótí dígí. Ọmọ ẹja kan wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, Halina sì ń rí ọkàn ẹja náà bó ṣe ń lù. Bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára ọkàn irú ẹja yìí, ó máa ń hù padà. Halina a máa wò ó títí yóò fi dà bíi pé òun náà ń léfòó nínú omi.

“Ìwọ ìyàwó ẹja!” Roque ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà. “Ọ̀la la gbọ́dọ̀ mú ilé-ìwé kan ṣoṣo. Èwo lo mú?”

Ilé-ìwé ìṣègùn méjì ló gba Halina. Èyí tó wà nítòsí, ní Milwaukee, ìlú tó ń gbé, yóò sọ ọ́ di dókítà ní ọdún mẹ́rin. Èkejì jìnnà, nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ a kọ́ ìṣègùn díẹ̀, wọn a fi í sílẹ̀ lọ ṣe ìwádìí títí wọn yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí wọ́n tó padà sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn láti tọ́jú aláìsàn. Ibẹ̀ náà ni Roque ń lọ, ṣùgbọ́n ìṣègùn nìkan ló mú.

“Nígbà tó o bá fi máa padà sí wọ́ọ̀dù, èmi ti di ọ̀gá rẹ,” Roque ní. “Màá máa rán ẹ lọ ra kọfí.”

“Iyọ̀ ni màá bù sí i.”

Ní ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu láti orí adágún bo gbogbo àdúgbò, Halina sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń lálàá. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ ẹja díndín. Bàbá àgbà Kazimierz, tó tọ́ ọ dàgbà, ti jókòó sídìí oúnjẹ. Àìsàn ọkàn ń ṣe bàbá, kò sì ní ìwòsàn.

“O fi ẹja sílẹ̀ níbi iṣẹ́, o wá jẹ ẹja nílé,” ó ní. Ó rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi ń gé.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n fi ń gbani sí ilé-ìwé ìṣègùn, gbogbo àwọn tó fẹ́ wọlé ló máa ń sọ ìtàn aláìsàn kan tó mú kí wọ́n fẹ́ di dókítà. Halina sọ ti bàbá. Ó dùn létí. Ó wá sọ ọ́ fún bàbá fúnra rẹ̀.

“Bàbá àgbà, torí yín ni mo ṣe fẹ́ lọ síbi tó jìnnà yẹn. Màá wá ìwòsàn fún ọkàn yín.”

Bàbá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. “Ṣé ẹja yẹn máa wò mí sàn kí n tó kú?”

Halina mi orí. “Rárá.”

“Kí ló dé tó o wá ń gbé ọkàn mi kiri bí ọjà? Ká ní ara mi le bíi ti ẹṣin, níbo lo máa lọ láàárọ̀ ọ̀la?”

“Ìdí ẹja.” Ojú tì í. “Mo máa ń lálàá nípa wọn. Mo fẹ́ mọ bí ọkàn wọn ṣe ń hù padà. Mo sì fẹ́ máa tọ́jú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ lè má rí ọjọ́ tí màá di dókítà.”

“Mi ò ní rí i. Ó sì dùn mí, mi ò ní parọ́. Lọ. Jẹun, oúnjẹ ti ń tutù.”

Halina lọ. Ẹnu ìwádìí ló wà nígbà tí bàbá kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó dán wò níbi ìwádìí kò yọrí sí rere. Nígbà tó padà sí wọ́ọ̀dù, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sí bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù dáadáa. Roque, ọ̀gá rẹ̀, ló tún kọ́ ọ. Ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ kò pọ̀.

Láwọn àárọ̀ tó wù ú kó pa iṣẹ́ náà tì, ọ̀rọ̀ dídùn tó sọ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ohun tó ń gbé e dìde ni pé ó ṣì fẹ́ mọ bí ọkàn ẹja ṣe ń hù padà.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà gígùn, ẹ sọ ìdí rẹ̀ gan-an fún ẹni tí lílọ yín yóò bà nínú jẹ́ jù. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ láì fi ẹlòmíràn bojú, ẹ má tíì lọ.