Ààwẹ̀ tí Sìlífátù Fi Bo Ikọ́ Mọ́lẹ̀

Ta ni kò mọ Sìlífátù oní-dòdò ní ibùdókọ̀ Ìkirè láyé ọjọ́un? Bí mọ́tò Ifẹ̀ bá ti dúró, igbá tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ikọ́ ife ló ń ṣe é, kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́.

Kí ará Ìkirè má baà rí i, Àpòmù ló ti ń lọ gba oògùn lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Fúnmilọ́lá. Nígbà náà, ẹni tó bá ti rù tó sì ń húkọ́, éèdì ni wọ́n máa ní ó ń ṣe é. Ta ló máa ra dòdò lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Sàlámọ̀tù, ló tiẹ̀ ń bà á lẹ́rù jù. Ó gbà pé ọjọ́ tí ìyá bá gbọ́ ni wọ́n máa lé òun, tí wọ́n á sì gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Oògùn náà tún ń sọ ìtọ̀ di pupa. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo agboolé ń lò. Kó tó jáde níbẹ̀, á da omi sí i, á tún da òmíràn.

Bí ààwẹ̀ ṣe dé báyìí, ló bá pa oògùn tì. Ta ló máa rí i tó ń mu omi lọ́sàn-án ààwẹ̀ tí kò ní bi í? Nídìí sààrì ńkọ́? Gbogbo ilé ló ń jókòó pọ̀ jẹun. Ara rẹ̀ kúkú ti ń mókun, ó ní bóyá àrùn náà ti lọ. Ẹ ò rí i bí ẹ̀rù ṣe ń tan èèyàn?

Ààwẹ̀ kò tíì dé ìdajì tí ikọ́ náà fi padà. Ó húkọ́ sí etí ìborùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló rí. Ló bá sáré wọ mọ́tò Àpòmù. Kò mọ̀ pé ìyá ọkọ òun ń bọ̀ lẹ́yìn nínú mọ́tò mìíràn.

Nọ́ọ̀sì kò bú u. Ó ní ikọ́ ife yàtọ̀ sí éèdì, oògùn rẹ̀ sì ń wò ó sàn. Àmọ́ ẹni tó ń lò ó tó tún ń dá a dúró, ńṣe ló ń fún àrùn náà lágbára, oògùn lè má ràn án mọ́. Ó ní Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn nínú ààwẹ̀, tí ara bá yá, kó san án padà. Ó wá bi í pé ta ló máa máa wò ó bó bá ń lo oògùn nílé.

"Kò sí," ni Sìlífátù wí. "Bí wọ́n bá mọ̀, mo gbé."

"Èmi ni," ìyá ọkọ rẹ̀ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ. Mo rò pé éèdì tí kò gbóògùn ni, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n bi ọ́, ni mo ṣe tẹ̀ lé ọ wá. Mo ti ń sunkún rẹ bí ẹni tó kú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu, ìyá bu omi fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo agboolé. Ó dúró tì í títí ó fi gbé oògùn mì. Sìlífátù lo oògùn náà parí, ó sì padà sídìí dòdò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oògùn pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán, kó mọ̀. Bí ara bá mókun, ẹ má dá oògùn dúró títí wọn yóò fi ní ó tó nílé ìwòsàn. Bí ohun kan bá ń bà yín lẹ́rù lára oògùn, ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin ará ilé náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ikọ́ tí kò lọ, ẹ má máa sunkún ní kọ̀rọ̀. Ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì bu omi wá.